Etí Ọ̀tún fún Ọjà, Etí Òsì fún Ẹ̀sùn

Etí mi kò dí rí. Ibẹ̀ ni kí n ti bẹ̀rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé àánú ni mò ń wá. Bí wọ́n bá ń rojọ́ mi lábẹ́lẹ̀ ní yàrá kejì, mo ń gbọ́. Bí oníbàárà bá ń fọwọ́ wá owó nínú báàgì láì tíì mú un jáde, mo ń gbọ́ bó ṣe ń dún.

Síbẹ̀, fún odidi ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn kan, gbogbo àdúgbò ló ń pariwo sí mi bí ẹni ń pe èèyàn ní òdìkejì odò. Ọwọ́ ara mi ni mo fi fà á. Ẹ jẹ́ kí n rò ó fún yín, kí ẹlòmíràn tó ń tajà má lọ dán irú ẹ̀ wò.

Bàtà ni mò ń tà. Ọkọ mi ló dá ṣọ́ọ̀bù náà sílẹ̀, a sì jọ ń jókòó síbẹ̀ kó tó kú. Ọkọ mi yìí, kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere, èèyàn jẹ́jẹ́ ni, àní ó jẹ́jẹ́ jù. Bí ẹnikẹ́ni bá gbé bàtà padà wá, á fa àga fún un. Á fọwọ́ lẹ́rán, á máa gbọ́, á máa mi orí. Bí onítọ̀hún bá sọ ọ́ tán, á tún ní, "Ṣé ó ku nǹkan mìíràn?"

Mo máa ń bi í pé, "Ṣọ́ọ̀bù bàtà lo ṣí ni àbí kóòtù?"

Ó tún ní ìṣe kan. Lọ́sàn-án, bí oòrùn bá ti yí sí iwájú ṣọ́ọ̀bù, á dìde, á fa aṣọ àtijọ́ kan bo fèrèsé gíláàsì tí a ń to bàtà sí. Èmi á ní, "Kí lo ń bò ó fún? Ṣé ojú ń ti bàtà ni?" Á rẹ́rìn-ín, á fẹ́ ṣàlàyé, èmi á sì ti bá iṣẹ́ mi lọ.

Nígbà tó kú, mo sunkún mi tán, mo gbé àga ẹ̀sùn jù sí ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù, mo fa aṣọ fèrèsé já, mo fi í nu ilẹ̀. Mo ní ọjà ti bọ́ sọ́wọ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n tà.

Láti ọjọ́ náà, kò sí ẹni tó rojọ́ bàtà débi tó ń lọ níwájú mi. Bí bàtà bá ya, mo ní ìrìn yín ni kò dáa. Bó bá há, mo ní ẹsẹ̀ yín ló ń sanra. Obìnrin kan wá, ó ní bàtà òun ń ké bí òròmọdìẹ. Mo ní kó fún un lóúnjẹ.

Ìyàwó ọmọ mi ló ń bá mi tajà. Ọmọ kan ṣoṣo ni mo bí, télọ̀ ni. Ìyàwó ẹ̀ yìí, ohùn ẹ̀ kéré, sùúrù ẹ̀ pọ̀. Bí mo bá lé oníbàárà jáde tán, òun ni yóò sáré tẹ̀ lé e dé títì, tí yóò máa bẹ̀ ẹ́. Mo máa ń sọ fún un pé, "Ìyàwó mi, má ba ọjà mi jẹ́ o."

Ó wá di ọjọ́ kan, omi wọ etí mi níbi tí mo ti ń wẹ̀. Ìyàwó mi fi òwú dí i fún mi. Mo wà lórí àpótí, mò ń to páálí bàtà sókè, mo kẹ̀yìn sí ẹnu ọ̀nà, nígbà tí nọ́ọ̀sì àdúgbò wa wọlé. Mo gbọ́ ìró ọ̀rá lọ́wọ́ ẹ̀. Ẹni tó bá gbé ọ̀rá wọ ṣọ́ọ̀bù mi, kò wá fún rere.

"Màmá, ẹ káàárọ̀. Bàtà tí mo rà lọ́wọ́ yín ti tún yanu o. Mò ń lọ láàárín wọ́ọ̀dù, àtẹ́lẹsẹ̀ ẹ̀ ń pàtẹ́wọ́ fún mi. Aláìsàn tí kò tíì rẹ́rìn-ín láti ọjọ́ tó ti dé ló ń fi mí ṣẹ̀fẹ̀."

N kò dá a lóhùn. Kì í ṣe pé n kò gbọ́. Mo ń ṣa ọ̀rọ̀ tí n ó kọ́kọ́ sọ lù ú ni.

"Màmá? Ẹ̀yin ni mò ń bá sọ̀rọ̀ o."

Mo ṣì ń ṣà á.

Ó bá rìn sún mọ́ mi, ó rí òwú. "Háà! Màmá! Ṣé etí yín ni?" Ohùn ẹ̀ rọ̀ wọ̀ọ̀ bíi bọ́tà tó rí iná. Ó fọwọ́ pa mí lẹ́yìn. "Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ọjọ́ orí ni." Ó gbé ọ̀rá ẹ̀, ó bá tiẹ̀ lọ.

Ọjọ́ orí wo? Mo fẹ́ yíjú padà kí n fún un ní tiẹ̀, àfi bí ẹni pé nǹkan fà mí láṣọ. Dúró ná. Ó ti lọ. Ó gbé bàtà ẹ̀ lọ. Kò bú mi, kò ní kí n pààrọ̀ ẹ̀, ó tún bá mi kẹ́dùn!

Díẹ̀ ló kù kí n jó lórí àpótí.

Ní ọjọ́ kejì, omi etí ti gbẹ. Èmi fúnra mi ni mo gé òwú, tí mo fi dí i.

Ẹ̀yin èèyàn mi, irọ́ yẹn dùn. Ẹni tó bá wọlé láti rajà, mo ní kó bọ́ sí ọ̀tún mi. "Ọ̀tún yìí ṣì ń gbìyànjú díẹ̀." Ẹni tó bá gbé ọ̀rá wọlé, òsì ni mò ń kọ sí i. Á sọ ọ́, á sọ ọ́, èmi á máa rẹ́rìn-ín músẹ́. Bó bá sọ ọ́ débi tí itọ́ ń ta sílẹ̀, èmi á ní, "Ẹ ṣé o. Èmi náà ń kí àwọn ará ilé." Kò sí bí èèyàn ṣe máa bú ẹni tó ń kí ará ilé ẹ̀.

Nọ́ọ̀sì kì í ṣe òmùgọ̀. Ó padà wá, ó rọra yí bọ́ sí ọ̀tún mi.

"Màmá, ẹ kú ọjà. Bàtà yín rẹwà o."

"Ẹ ṣé, ọmọ mi. Èwo ni kí n gbé fún yín?"

"Ti ẹsẹ̀ mi yìí gan-an ni mo ń sọ. Àmọ́ àtẹ́lẹsẹ̀ ẹ̀—"

Mo di etí ọ̀tún mú. "Yéè! Ó ti ràn dé ọ̀tún!"

Ó dúró, ó wò mí títí. Lẹ́yìn náà ló ní òun máa mú oògùn etí wá fún mi. Ó sì mú un wá lóòótọ́. Mo gbà á, mo dúpẹ́, mo rọ ọ́ sídìí òdòdó.

Láti ìgbà tó ti ràn dé ọ̀tún ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Etí tí mo fi ń tajà náà ti dí. Ẹni tó fẹ́ ra bàtà ń pariwo iye rẹ̀ débi tí gbogbo títì fi mọ iye tí mo ń gé fún un. Oníbúrẹ́dì tó wà ní òdìkejì títì, tó jẹ́ pé a kì í kí ara wa dáadáa tẹ́lẹ̀, á dúró sẹ́nu ọ̀nà, á pe gbogbo èémí ẹ̀ jọ: "MÀMÁ! ṢÉ Ẹ TI JẸUN?" Ajá á gbó, ọmọ ọwọ́ á ké.

Àwọn tó fẹ́ fẹ̀sùn kàn mí wá ń fi ọwọ́ sọ ọ́. Ọkùnrin kan so ọwọ́ ẹ̀ méjèèjì pọ̀, ó ń là á, ó ń pa á dé bí ẹnu ọ̀nì, ó sì ń nàka sí ẹsẹ̀ ẹ̀. Òógùn bò ó. Mo pàtẹ́wọ́ fún un.

Ohun tí n kò rò tẹ́lẹ̀ ni pé, bí àwọn èèyàn bá ti gbà pé o kò gbọ́ràn, wọn á máa sọ òótọ́ ọ̀rọ̀ lójú ẹ. Oníbúrẹ́dì fẹ̀yìn ti ilẹ̀kùn mi, ó ń bá ọ̀rẹ́ ẹ̀ sọ̀rọ̀, èmi jókòó láàárín wọn bí àpótí.

Ọ̀rẹ́ ẹ̀ ní, "Ṣé kí n ra bàtà níbí?"

Oníbúrẹ́dì ní, "Hùn-ún. Nígbà tí bàbá wà láyé, èèyàn lè wọ bàtà ibí títí á fi sú u. Nísinsìnyí, bí o bá rà á, rìn ín lọ sílé kíákíá kó tó kú sí ẹ lẹ́sẹ̀."

Mo fẹ́ fò mọ́ ọn. Mo rántí pé n kò gbọ́ nǹkan kan. Mo gbé gbogbo ẹ̀ mì bí ẹni gbé egbòogi kíkorò mì, mo sì ń rẹ́rìn-ín.

Mo rò pé ìyẹn ni ó burú jù. Kò tíì burú.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ìyàwó mi ń tú bàtà tuntun jáde nínú páálí. Fóònù ẹ̀ dún. Ọwọ́ ẹ̀ kò ṣófo, ó bá tẹ̀ ẹ́ kí ohùn máa jáde síta. Ọmọ mi ni.

"Báwo ni ti Màmá?"

"Etí ti lọ pátápátá," ni ìyàwó mi wí. Ó sún mọ́ mi tó bẹ́ẹ̀ tí mo lè fọwọ́ kàn án. "Àárẹ̀ ti mú mi. Gbogbo ẹni tí inú ń bí, èmi ló ń wá kanra mọ́. Mo ń pè wọ́n, wọn kò gbọ́. Kódà nígbà tí wọ́n ń gbọ́, wọn kì í gbọ́ tèmi."

Ọmọ mi mí kanlẹ̀. "Ó ti tó àkókò kí wọ́n sinmi nílé. Ọjà tí èèyàn kò gbọ́ ohùn oníbàárà, ọjà wo nìyẹn? N ó gbé àwọn ẹ̀rọ ìránṣọ mi wá síbẹ̀. A máa kó bàtà tó kù tà. Bí ọ̀sẹ̀ yìí bá ń parí lọ, n ó wá bá wọn sọ ọ́."

Ara mi bù máṣọ. Kí n lọ sinmi nílé? Èmi? Kí n máa wo aláǹgbá lára ògiri? Ṣọ́ọ̀bù yẹn ni mo fi mọ ara mi lẹ́yìn ikú ọkọ mi. Bí mo bá jí láàárọ̀ tí n kò ní ibi tí n ó ti bá ẹnikẹ́ni jà, kí ni n ó fi ara mi ṣe?

Ṣé kí n wá ṣí òwú, kí n ní mo gbọ́? Wọn á ní mo ti ń fi wọ́n ṣeré láti ọjọ́ yìí. Ṣé kí n dákẹ́? Ẹ̀rọ ìránṣọ ń bọ̀.

Mo bá pinnu pé ara mi á máa yá díẹ̀díẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo gbé ìgò oògùn etí sókè, mo kígbe pé, "Ìyàwó mi! Oògùn nọ́ọ̀sì ti ń ṣiṣẹ́! Mo gbọ́ tí àkùkọ kọ!"

Ó wò mí pẹ̀lú ojú àánú. Ó gbé fóònù. "Wọ́n tún ti ń gbọ́ ohun tí kò sí. Kò sí àkùkọ ní àdúgbò yìí."

Òótọ́ ni. Kò sí àkùkọ.

Ọmọ mi kò dúró di òpin ọ̀sẹ̀. Ó wá ní ọ̀sán ọjọ́ náà gan-an, pẹ̀lú téèpù tó fi ń wọn aṣọ lọ́rùn. Ó tẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri, ó ń wo ibi tí ẹ̀rọ ìránṣọ á dúró sí. Nọ́ọ̀sì tẹ̀ lé e wọlé, ọmọ mi ló ní kó wá yẹ etí mi wò. Mo sáré kẹ̀yìn sí wọn, mo ń to bàtà ojú fèrèsé. Mo ní lọ́kàn mi pé, bó bá ti pè mí pẹ̀lú ohùn jẹ́jẹ́, n ó yíjú padà, n ó dáhùn, wọn á ní Ọlọ́run ti ṣe é.

Ọmọ mi wá sẹ́yìn mi. Ó rẹ ohùn ẹ̀ sílẹ̀. "Mà—"

Ilẹ̀kùn ṣí. Mo gbọ́ ìró ọ̀rá.

Tíṣà kan ní àdúgbò wa ni. Ọkùnrin gíga kan, tó máa ń de táì kódà bí iná bá ń jó. Bí mo bá gbọ́ ti ọmọ mi, mo gbọ́dọ̀ gbọ́ ti tíṣà náà. Mo dúró gbagidi bí ère. Ọmọ mi ní, "Ẹ wò ó, wọn kò gbọ́."

Tíṣà kò tiẹ̀ wò mí. Ìyàwó mi ló kọjú sí. "Ìyàwó, mo mọ̀ pé etí Màmá kò gbọ́, ìwọ ni kí n sọ ọ́ fún. Mo ti di ẹni ẹ̀sín. Ṣé o mọ̀ pé àwọn alábẹ̀wò wá sí ilé ẹ̀kọ́ wa?"

"Ẹ pẹ̀lẹ́, Tíṣà."

"Gbogbo ọmọ ilé ẹ̀kọ́ tò sórí pápá. Ọ̀gá àgbà ní kí n bá wọn sọ̀rọ̀ lórí ìmọ́tótó, pé èmi ni mo mọ aṣọ wọ̀ jù. Mo sọ ti irun, mo sọ ti èékánná. Mo wá dé orí bàtà. Mo ní, 'Ẹ̀yin ọmọ, ẹ wo bàtà mi!' Mo bá gbé ẹsẹ̀ sókè, báyìí."

"Ẹ gbé e sókè?"

"Àtẹ́lẹsẹ̀ dúró sílẹ̀."

Mo bu ètè mi jẹ.

"Mo rò pé bí mo bá tẹ̀ ẹ́ padà, yóò lẹ̀. Mo ju ẹsẹ̀ sílẹ̀ pẹ̀lú agbára. Ó lẹ̀ mọ́ ìbọ̀sẹ̀ mi lápá kan. Mo wá gbọn ẹsẹ̀ kó lè já. Ó já. Ó fò. Ó lọ bá alábẹ̀wò àgbà láyà, ó lẹ̀ mọ́ ọn níbẹ̀ bí àmì ẹ̀yẹ."

Èjìká mi bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Mo di pákó fèrèsé mú.

"Mo ṣe bí ẹni pé ó wà nínú ẹ̀kọ́. Mo dúró lórí ìbọ̀sẹ̀, orí bàtà sì yí mi lọ́rùn ẹsẹ̀ bí ẹ̀gbà. Ọmọ kékeré kan níwájú wá nawọ́ sókè. Ó ní, 'Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé kí àwa náà bọ́ tiwa?'"

Ẹ dárí jì mí. Ẹ̀rín yẹn kò bi mí kó tó jáde. Ó bú yẹ̀ẹ̀! Mo rẹ́rìn-ín débi tí mo fi jókòó sórí bàtà. Omijé ń bọ́, òwú etí méjèèjì fò jáde, mo ń lu ilẹ̀, mo ń ní, "Ṣé kí àwa náà bọ́ tiwa! Yéè, ikùn mi o!"

Nígbà tí mo gbé ojú sókè, èmi nìkan ni mò ń rẹ́rìn-ín.

Ọmọ mi ní, "Màmá." Ohùn ẹ̀ kò ju ti ẹ̀fọn lọ. "Ṣé ẹ ń gbọ́ mi?"

Mo ní, "Rárá."

Ó ní, "Rárá kí ni?"

Mo ní, "Rárá, n kò gbọ́."

Nọ́ọ̀sì ló kọ́kọ́ pariwo. "Háà! Oògùn tí mo fi owó ara mi rà!" Tíṣà ní, "Ẹ ń gbọ́ látìgbà yìí?" Ọmọ mi di orí mú. Ìyàwó mi kàn ń wò mí, omi sì yí i lójú. Ìyẹn ló dùn mí jù. Ó yípo, ó lọ sẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù, ó gbé àga ọkọ mi wọlé, ó nu eruku ẹ̀, ó gbé e síwájú mi.

"Ẹ jókòó, Nọ́ọ̀sì. Màmá, ẹ máa gbọ́ wọn títí wọ́n á fi sọ pé àwọn ti parí. Ẹ kò ní sọ̀rọ̀."

Ìyàwó mi, tí ohùn ẹ̀ kò ju ti ẹyẹ lọ!

Nọ́ọ̀sì sọ tiẹ̀. Mo fẹ́ sọ pé ìrìn ẹ̀ ni, ìyàwó mi wúkọ́. Nọ́ọ̀sì sọ ọ́ débi tí n kò jẹ́ kó dé rí. "Ìyẹn tí mo kọ́kọ́ rà, ti inú páálí, mo ṣì ń wọ̀ ọ́. Ti ojú fèrèsé yìí ni kò tọ́jọ́."

Tíṣà jókòó. Òun náà sọ tiẹ̀, ó wá ní, "Bẹ́ẹ̀ àwọ̀ yìí kò sí níbòmíràn, ti ojú fèrèsé nìkan ló kù. Òun ni mo mú."

Lẹ́yìn náà ni ìyàwó mi alára jókòó sórí àga. "Ó ti pẹ́ tí mo ti ń sọ ọ́ fún yín, Màmá. Àwọn tó wà nínú páálí kì í padà wá. Àwọn tó ń bá oòrùn gbé ni. Bí mo bá ti ní 'Màmá, àwọn ojú fèrèsé yìí,' ẹ̀yin á ní kí n má ba ọjà yín jẹ́."

Mo fọwọ́ kan pákó fèrèsé. Ó gbóná bí áyọ́ọ̀nù ọmọ mi. Mo gbé bàtà kan, mo fa àtẹ́lẹsẹ̀ ẹ̀ pẹ̀lú ìka méjì. Gọ́ọ̀mù ibẹ̀ ti rọ̀, ó ń fà bí oyin.

Mo wá rántí aṣọ àtijọ́ yẹn. "Nítorí oòrùn ni," ni ọkọ mi máa ń wí bí mo bá fi í ṣe yẹ̀yẹ́. "Nítorí oòrùn ni, o rí i, gọ́ọ̀mù—" Ọkùnrin yẹn sọ ọ́ fún mi. Ó sọ ọ́ láìmọye ìgbà. Èmi ni n kò dúró kó parí ẹ̀ rí.

Ilẹ̀ ni mo fi aṣọ ọ̀hún nù.

Mo ní kí tíṣà àti nọ́ọ̀sì mú ohun tó wù wọ́n nínú páálí. Mo yíjú sí ọmọ mi. Mo ní, "Bí o bá fẹ́ gba ṣọ́ọ̀bù, gbà á. Ẹjọ́ mi ni."

Ó wo ìyàwó ẹ̀. Ìyàwó mi wo àga, ó wo èmi. Ó ní, "Kí wọ́n ṣì wà. Àmọ́ àga yìí kò ní kúrò níbẹ̀ mọ́. Ẹni tó bá jókòó lórí ẹ̀, Màmá kò gbọdọ̀ dá a lóhùn títí á fi parí."

"Bí ó bá ń parọ́ ńkọ́?"

"Títí á fi parí, Màmá."

Ọmọ mi yọ téèpù lọ́rùn. Mo rò pé ó tún fẹ́ wọn ibi tí ẹ̀rọ máa dúró sí. Fèrèsé ló wọ̀n. Aṣọ tuntun tó rán ló wà níbẹ̀ di òní, ìyàwó mi sì ni ó ń fà á bí oòrùn bá ti yí.

Ọjà ti padà. Àga náà kò sì sinmi. Oníbúrẹ́dì, tí kò ra bàtà rí lọ́wọ́ mi, ń wá jókòó sórí ẹ̀ láti wá rojọ́ ọkọ ẹ̀. N kò gbọdọ̀ dá a lóhùn títí á fi parí, bẹ́ẹ̀ kì í parí. Ọwọ́ mi ti lọ síbi òwú lẹ́ẹ̀kan. Ìyàwó mi wúkọ́. Imú bàtà ni mò ń fi òwú náà kì báyìí, kó má baà rún.

Tíṣà nìkan ni kò tíì gbà pé ara mi ti yá. Bó bá ń kọjá, á dúró sí àárín títì, á fi ọwọ́ yí ẹnu ká: "MÀMÁ OOO! BÀTÀ YÍÌ KÒ TÍÌ YANU O!"

Gbogbo àdúgbò á bú sẹ́rìn-ín. Ká ní tẹ́lẹ̀ ni, mo ní ohun tí n ó fi dá a lóhùn, ó sì máa dùn ún dé ilé.

"Mo gbọ́, Tíṣà," ni mo máa ń wí. "Ṣé ó ku nǹkan mìíràn?"